Ẹni Mẹ́fà Tó Dákẹ́ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Nígbà tí Káyọ̀dé tú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé ìwé náà, ìwé tó bá nínú rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni. Ó ga tó èyí tó ń wá, ó nípọn tó o, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òórùn ilé ìtàwé kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Káyọ̀dé ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó dì í mú ní etí méjèèjì, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lè jábọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kankan kò jábọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nìyẹn, nínú ọyẹ́ ọdún 1992, ní ilé ìkàwé kékeré tí àwọn ọmọ ìlú kan ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ọlọ́pàá ti gbé Kamaldeen Sàláwù tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà, wọ́n sì ti tì í mọ́lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ń pariwo pé òun yóò fa ìwé náà ya.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹjọ́ náà dé ọwọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọdẹ́dìran.

Ọmọ Ojokú ni Ọdẹ́dìran, ọmọ ọdẹ sì ni. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn. Ní bárékè, bó bá ti ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì kó tó tún gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kì í sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí yóò bá sọ ọ́ ni kò rí.

"Ẹ ṣàlàyé ìwé yìí fún mi," ó wí fún Káyọ̀dé, "bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí."

Káyọ̀dé ló ń bójú tó ilé ìkàwé náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí àìsùn.

"Ìwé gbogbo ènìyàn ni, sà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e sórí tábìlì yìí. Ìtàn kan ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ ojú irin kan gbéra ní Ọ̀fà, ó ń lọ sí Kánò. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mú èrò kan wọ ọkọ̀ yẹn, kó sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tó ṣe é, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orúkọ àdápè ni gbogbo wa ń lò. Ìwé àkọ́kọ́ kún ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkejì, tí òpin ìtàn wà nínú rẹ̀, òun ló sọnù."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń kọ ọ́?"

"Àwa mẹ́wàá."

"Ẹ mọ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?"

"Mẹ́rin ni mo mọ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni Àlejò. Kamaldeen ni Wáyà. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Caroline, òun ni Abẹ́rẹ́. Mummy Àṣàbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Tíṣà ni wọ́n fi ń kọ tiwọn. Àwọn mẹ́fà yòókù, n kò rí wọn rí. Bí mo bá lọ kírun tàbí mo lọ jẹun, ìgbà tí n óò fi padà dé, ọ̀rọ̀ tuntun á ti wà nínú ìwé. Ẹyẹ Oko ní Ìjagbó lòun ń gbé, aṣọ rírán lòun ń kọ́. Olóbì ní Ìlemọ́nà ni tòun. Òfin wa ni pé a kì í ṣọ́ ara wa."

"Ta ló wé ìwé náà kẹ́yìn?"

"Ẹni tó bá lò ó kẹ́yìn ló ń wé e. Ní Ọjọ́rú, mo dé láti ìrun àsárì, mo bá a ní wíwé lórí tábìlì. Mo gbé e, ó wúwo bó ṣe máa ń wúwo, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. N kò tú aṣọ rẹ̀."

Ọdẹ́dìran ka ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìpè ni. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń kọ ìtàn ojú irin wá ní Sátidé, kí oníkálukú fi orúkọ gidi hàn, kí wọ́n jọ ya fọ́tò, torí pé ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlọrin fẹ́ tẹ ìtàn náà. Lára ògiri níbẹ̀, wọ́n ti to àga mẹ́wàá sílẹ̀.

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé náà jáde.

"Wọ́n pè é ní ìwé tí Káyọ̀dé kọ."

Ọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. "Àwọn ni wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n ní àwọn kò tẹ ìwé tí ènìyàn mẹ́wàá kọ rí, orúkọ kan ni kí n fún àwọn. Ìdí tí mo fi pe ìpàdé nìyẹn, kí orúkọ gbogbo wa lè wà níbẹ̀."

"Tàbí ẹ fẹ́ kí ìwé sọnù kí ìpàdé tó dé, kí ẹ lè dá a gbé lọ."

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò kúrò lọ́wọ́ mi rí. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ dá a gbé lọ, ǹ bá ti wọ mọ́tò Ìlọrin tipẹ́. Kí ni mo fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri sí?"

Ọdẹ́dìran wò ó pẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í kọ́kọ́ pe ẹlẹ́rìí.

*

Kamaldeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, ojú ibi tí abẹ kọjá lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ ṣì ń dán.

"Kí ni ìwé ṣe ọ́ tí o fi ní wàá fà á ya?"

"Wọ́n pa ènìyàn mi, sà."

"Ènìyàn rẹ wo?"

"Gbénró. Èmi ni mo mú un wọ ọkọ̀ náà. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi tọ́ ọ. Mo lọ sí Ẹdẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, nígbà tí n óò fi dé, Káyọ̀dé ti tì í jábọ́ sínú odò ní Kàdúná! Kò bi mí, kò sọ fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọdẹ́dìran, ó gbé e mì. "O wá ń jà nítorí ẹni tí kò sí láyé?"

"Ó wà, sà. Ẹ̀yin ni ẹ kò kà á."

Kamaldeen dìde, ó di irin ojú fèrèsé mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá wù yín, ẹ dá mi padà síbí, kí n lo oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jáde lọ́la fún wákàtí kan."

"Ta lo fẹ́ lọ rí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹyẹ Oko ni."

"O mọ̀ ọ́n?"

"N kò rí i rí. Nígbà tí ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan ni wọ́n bí, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní Gbénró gba tẹlifóònù ní ibùdókọ̀ Jẹ́bà pé ìyá rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, Ẹyẹ Oko ti mú ọmọbìnrin kan wá jókòó tì í. Kò bá a sọ̀rọ̀ o. Ó kàn jókòó tì í láti Jẹ́bà títí ọkọ̀ fi dé Mọ́kwá." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Sà, gbogbo àwọn tó wá kí mi nílé, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí."

Ọdẹ́dìran jáde. Ó dúró díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò. Nígbà tí ìyàwó tirẹ̀ kú, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ó pe orí ara rẹ̀ wálé. Olè yìí fi ìwé tuntun dípò èyí tó gbé lọ, ó sì wá èyí tó bá a mu rẹ́gírẹ́gí. Ẹni tí inú ń bí kì í lọ sílé ìtàwé kó tó lọ ṣe ìbínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìtàn náà parun kò ní fi ojú ewé funfun sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Olè náà fẹ́ kí wọ́n máa kọ̀wé lọ. Nígbà náà, kì í ṣe ìwé ló kórìíra. Sátidé ló ń bẹ̀rù.

Ta ni, nínú àwọn mẹ́wàá, tí kò fẹ́ kí ìpàdé Sátidé yẹn wáyé?

*

Nígbà tí ìlú gba ọ̀nà ìrun Jímọ̀ lọ, Ọdẹ́dìran nìkan jókòó nílé ìkàwé. Ó gbé ìwé àkọ́kọ́ síwájú, ó gbé ìwé tí àwọn àlejò ń fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n ìtàn náà gbé e lọ. Olóbì mú bàbá arúgbó kan wọ ọkọ̀ tó ń lọ wá ọmọ tó ti sọnù. Ẹlòmíràn fún bàbá náà ní àyè lójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ fún un lóògùn ikọ́. Wọ́n ń bá ara wọn wí, wọ́n ń tọrọ àforíjì létí ìwé. Ó ti pẹ́ tí Ọdẹ́dìran ti wà láàrin irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ibi tí bàbá arúgbó náà ti rí ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti gbá a lójú. Ó padà kà á. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó tún ṣí òmíràn. Nígbà tí Káyọ̀dé wọlé láti mọ́ṣáláṣí, ó bá a lórí ìdúró.

"Ẹyẹ Oko, ọmọ ọdún mélòó ló pe ara rẹ̀?"

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìwé Yorùbá?" Ọdẹ́dìran fi ìka tẹ ojú ewé náà. "Ẹ wo ibí. 'Nwọn.' Ẹ wo èyí, 'aiye.' Ẹ wo 'enia', ẹ wo 'Offa', f méjì ló fi kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi nìyẹn, kí wọ́n tó yí ìkọ̀wé padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kò bá irú èyí nílé ìwé."

"Bóyá ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́ ọ."

"Ó dára. Ẹ wá wo Olóbì. Ẹ wo àwọn mẹ́rin yòókù tí ẹ kò rí rí. Ọ̀kan ń kọ̀wé gbàgẹ̀rẹ̀, ti ọ̀kan tẹ̀ sósì, ti ọ̀kan dà bí ẹni pé adìyẹ ló tẹ ìwé. Ṣùgbọ́n níbi tí ìtàn bá ti gbóná, tí olúwarẹ̀ bá ti gbàgbé ara rẹ̀, 'nwọn' á yọjú. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ènìyàn lè yí ọwọ́ padà. Ohun tí wọ́n fi pàṣán kọ́ni ní kékeré kì í kúrò."

Káyọ̀dé fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ tún wo ọjọ́ wọn," Ọdẹ́dìran wí. "Láti ìparí oṣù kẹfà ọdún tó kọjá dé àárín oṣù kẹjọ, ẹ̀yin kọ̀wé, Wáyà kọ̀wé, Abẹ́rẹ́ kọ̀wé. Àwọn mẹ́fà dákẹ́. Ẹni Ìjagbó dákẹ́, ẹni Ìlemọ́nà dákẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo wọn padà dé. Ẹni mẹ́fà tí kò mọ ara wọn, báwo ni wọ́n ṣe jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ó ti ìwé ẹnu ọ̀nà sí i. "Ta ni kò fọwọ́ sí èyí ní gbogbo àsìkò yẹn?"

Káyọ̀dé fi ìka tọ orúkọ sísàlẹ̀, ewé kan, ewé kejì. Ìka rẹ̀ dúró.

"Mummy Àṣàbí lọ tọ́jú ọmọ wọn tó bímọ ní Jọ́ọ̀sì," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Olóbì... Olóbì ni Mummy?"

"Olóbì, Ẹyẹ Oko, àti àwọn mẹ́rin yòókù."

"Nígbà náà, àwa mẹ́wàá..."

"Ẹ̀yin mẹ́rin ni."

Ojú Káyọ̀dé lọ sára àga mẹ́wàá tó tò.

*

Ilé Mummy Àṣàbí wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn márùn-ún. Fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, pẹ̀lú fìlà ìgboyè wọn. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo àga, àyàfi ẹyọ kan.

Obìnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó gbé omi wá, ó gbé e kalẹ̀, kò sì jókòó títí àlejò fi mu ún.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ kú ọyẹ́."

"Ẹ kú ọyẹ́, Mummy. Ọ̀rọ̀ ìwé ló gbé mi wá."

"Mo mọ̀." Ó jókòó wàyí. "Ẹ ti ka iye wa?"

"Ẹyọ kan ni mo kà, mà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lójú rẹ̀. "Nígbà tí Káyọ̀dé gbé ìwé yẹn sílẹ̀, odindi oṣù kan ni kò fi sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń ṣí i, tí yóò tún pa á dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kọ ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, mo fi Ìyá Tíṣà sí i. Mo dé lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ mọ bó ṣe rí kéèyàn kí ilé, kí ilé má jẹ́ ẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Mo bá fi ọwọ́ òsì dá ara mi lóhùn. Olóbì nìyẹn. Inú mi dùn, bí ẹni pé ènìyàn gidi ni. Mo wá fi kún un. Àwọn tó ń kọjá rí i pé èrò ti pọ̀, ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kamaldeen wọlé. Nọ́ọ̀sì wọlé. Káyọ̀dé náà rí ẹni bá kọ̀wé."

"Ẹ kò wá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní Sátidé. Ìtìjú ni?"

"Ìtìjú kẹ̀? Ní ọjọ́ orí mi yìí?" Ó mi orí. "Kamaldeen ni. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ló kọ ọ́ sétí ìwé pé, 'Ẹyẹ Oko, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ni n óò wọ̀ ní Sátidé, kí o lè dá mi mọ̀.' Mo kà á. Mo bí ọmọ tó jù ú lọ! Mo rò ó pé bí ìwé bá sọnù, ìpàdé á túká. Tó bá yá, Ẹyẹ Oko á kọ ọ́ pé òun ti lọ́kọ, òun ti lọ sí Èkó. Ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́ díẹ̀, á sì gbàgbé. Kò ní mọ̀ pé arúgbó kan ló ń tan òun jẹ."

Ọdẹ́dìran wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kamaldeen wà látìmọ́lé, mà. Láti àná. Wọ́n ní òun ló jí i."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Láti Ọjọ́rú ni kò ti jáde nílé, ẹnikẹ́ni kò sì ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ròyìn fún un.

"Ẹ tì í mọ́lé?" Ó ti dìde. "Nítorí tèmi?"

Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé náà jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ìborùn sórí. Ọlọ́pàá ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òun ló tẹ̀ lé ọlọ́pàá.

*

Káyọ̀dé ti dé àgọ́ ọlọ́pàá ṣáájú wọn. Ó rí ìwé náà, ó gbà á, ó ní òun kò ṣẹjọ́ mọ́. Kò bú Mummy, kò sì lè wojú rẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé ó sì lọ.

Wọ́n mú Kamaldeen jáde. Ó rí Mummy Àṣàbí lórí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mummy! Ẹ wá ṣe onídùúró mi? Ẹ ṣeun o, mà. Ọlọ́run á—"

"Dìde, Kamaldeen. Èmi ni mo jí ìwé náà."

Ó dìde. Ó wo Ọdẹ́dìran, ó tún wo obìnrin náà. "Ẹ̀yin? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mummy Àṣàbí ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà, Ọdẹ́dìran gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Kò sí ọmọbìnrin kankan ní Ìjagbó," ó wí. "Èmi ni. Èmi ni Ẹyẹ Oko."

Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé lórí kàǹtà gbé bírò sílẹ̀. Kamaldeen fọwọ́ kan orí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ìdí tó fi gẹ̀ ẹ́.

"Láti Jẹ́bà dé Mọ́kwá?" ó bi í níkẹyìn.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí?"

"Mo gbọ́ pé ìyá rẹ kú. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí Bàbá Bíọ́lá, ọkọ mi, kú, kò sí èyí tó wọ̀ mí létí nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ." Ó ká etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka. "Má bínú sí mi. Tàbí kí o bínú. Ó tọ́ kí o bínú."

Wọ́n fún Kamaldeen ní bẹ́líìtì rẹ̀ àti sálúbàtà rẹ̀, ó wọ̀ wọ́n, ó pẹ́ lórí ìdè bẹ́líìtì náà. Lẹ́yìn náà ó jáde gba ẹnu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ lè máa lọ, mà," Ọdẹ́dìran wí. Ó fẹ́ sọ sí i. Ó fẹ́ sọ pé òun ka ìtàn bàbá arúgbó àti ọmọ rẹ̀, pé òun kò mọ ìgbà tí òun ti gbàgbé iṣẹ́ tó gbé òun débẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọdẹ́dìran dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ pọ́n nínú eruku ọyẹ́. Kamaldeen wà níwájú, ó kọjú sí ọ̀nà ojú irin. Mummy Àṣàbí wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi ìborùn bo imú. Ọkùnrin náà kò dúró dè é. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde nínú àtìmọ́lé kì í rìn báyẹn. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló yẹ kó ti pòórá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, bí ẹni tó ń fi etí wọn ìrìn arúgbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n rékọjá ojú irin bẹ́ẹ̀, òun kọ́kọ́, ìyá náà tẹ̀ lé e. Àlàfo tó wà láàrin wọn kò dín, kò sì fẹ̀ sí i. Ọdẹ́dìran wò wọ́n títí eruku fi bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó sì tún dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ọlọ́pàá orí kàǹtà ń pè é, kò sì tíì fẹ́ dáhùn.